Láti Orí Ẹ̀pà Dé Ìdí Odó: Iṣẹ́ Igi Gbígbẹ́ Ní Agbègbè Obbo-Aiyegunle

Ẹ bi ọ̀dọ́ kan ní Obbo-Aiyegunle, ní Osi tàbí ní Ìlọ́fà pé kí ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ń fi igi gbẹ́. Ìdáhùn tó máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni "òrìṣà." Kò parọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ kéré sí òótọ́. Àwọn agbẹ́gi tí agbègbè yìí bí gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin, òpó ilé, ọpọ́n Ifá, abọ́, àga ìjókòó, ère Jésù àti Màríà pẹ̀lú. Ẹni tí kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ òrìṣà sétí rárá, bó bá ti jẹ iyán rí, iṣẹ́ ọwọ́ agbẹ́gi ló fi jẹun, nítorí odó kì í hù láti inú ilẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí à ń wí. Obbo-Aiyegunle àti Osi wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ìlọ́fà àti Odò-Ọwá wà ní Oke-Ero tó fẹ̀gbẹ́ tì í. Ohùn ẹnu wọn sún mọ́ ti Èkìtì, oúnjẹ wọn náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òyìnbó ń pín ilẹ̀, abẹ́ Ìlọrin ni wọ́n kó wọn sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé fi máa ń kọ "Osi-Ìlọrin," tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń rò pé àdúgbò kan láàárín ìgboro Ìlọrin ni Areogun, gbajúmọ̀ agbẹ́gi, ti jáde wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Osi dá dúró ní tirẹ̀, ó sì jìnnà sí Ìlọrin. Ọmù-Àrán ni ìlú ńlá tó wà nítòsí rẹ̀.

Igi tútù ni wọ́n ń gbẹ́

Àṣìṣe kan wà tí ẹni tó mọ iṣẹ́ káfíńtà máa ń ṣe nípa iṣẹ́ yìí. Káfíńtà a fi pákó sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ, kó tó fi ayùn kàn án. Agbẹ́gi kì í dúró de ìyẹn. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tí omi ṣì wà lára rẹ̀, ló ń fẹ́, nítorí pé irin máa ń wọlé sí i wẹ́rẹ́. Bí igi bá ti gbẹ tán, pàápàá àwọn igi líle, ọwọ́ á máa ro agbẹ́gi, ojú irin á sì máa kú.

Ṣùgbọ́n igi tútù ní ewu tirẹ̀. Ojú igi àti ìdí tí wọ́n ti gé e ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ, tí inú rẹ̀ sì ṣì tutù. Ibi tó gbẹ ń sún kì, ibi tó tutù kò sún kì, wọ́n bá fa ara wọn ya, gẹ́gẹ́ bí ẹrẹ̀ etí odò ṣe ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ lè bàjẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo bí wọ́n bá gbé e sí oòrùn. Nítorí náà, abẹ́ ibòji ni agbẹ́gi ti ń ṣiṣẹ́, bó bá sì ṣíwọ́ lálẹ́, á bo igi náà mọ́lẹ̀, tàbí kó rì í sínú ohun tó tutù, títí di ọjọ́ kejì. Wọ́n tún máa ń gbẹ́ inú igi náà jáde bí iṣẹ́ bá gbà bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí pé èyí ń dín ìwúwo rẹ̀ kù, ó ń mú kí tinú-tòde gbẹ pọ̀.

Irú igi tí wọ́n máa lò wà lọ́wọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Ọmọ̀ rọ̀ láti gbẹ́, òun náà sì ni àwọn agbẹ́lù fẹ́ràn. Ìrókò àti apá le, ikán kì í tètè rí wọn gbé ṣe, nítorí náà wọ́n dára fún ohun tó máa dúró pẹ́ nínú ilé. Ìrókò kì í sì í ṣe igi tí àwọn àgbà kàn ń gbé àáké sí lásán. Wọ́n gbà pé ó ní olúwa, ètùtù a sì máa ṣíwájú àáké. Ògún ni àwọn agbẹ́gi àtijọ́ ń sìn, nítorí irin ni iṣẹ́ wọn.

Ipele mẹ́rin

Kò sí àwòrán lórí pépà. Kò sí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sílẹ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà ní ètò tó le, orúkọ ìpele rẹ̀ sì wà lẹ́nu àwọn agbẹ́gi Osi títí di òní.

Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé. Àáké àti irin olójú dábùú tí wọ́n fi ń ṣá igi ni wọ́n ń lò. Agbẹ́gi á fi wọ́n pín ìtì igi náà sí ibi tí orí máa wà, ibi tí ara máa wà, ibi tí ẹsẹ̀ máa wà. Ẹni tó bá wo igi náà ní àkókò yìí kò ní rí nǹkan kan ju igi tí wọ́n ṣá kiri lọ. Ṣùgbọ́n ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ti ń dára tàbí kó bàjẹ́. Tí orí bá ti kéré jù níhìn-ín, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́; igi tí a gé kúrò kì í padà. Ẹ wo ère Yorùbá dáadáa, ẹ ó rí i pé orí sábà máa ń kó bí ìdá mẹ́rin gíga gbogbo ara. Àwọn àlejò kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ rí pé agbẹ́gi kò mọ ìwọ̀n ara ènìyàn. Ó mọ̀ ọ́n. Orí ló fẹ́ kí a rí, torí pé ibẹ̀ ni a gbà pé ìpín ẹ̀dá wà.

Alétúnlé ló tẹ̀ lé e. Wọ́n á tún ohun tí wọ́n ti lé lé: orí á pín sí ojú, etí àti irun, apá á yà kúrò lára ìhà, ẹṣin á yọ lábẹ́ ẹni tó gùn ún. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, àwọn ọmọṣẹ́ máa ń bá ọ̀gá ṣe láti ibí yìí lọ, ọ̀gá á sì bọ́ sórí igi mìíràn láti lé ọnà.

Ìpele kẹta ni dídán. Ọ̀bẹ àti irin olójú pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń mú gbogbo ojú ibi tí àáké ti ṣá kúrò, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi yọ̀ lọ sí àgbọ̀n láìsí gegele. Iṣẹ́ sùúrù ni, kò sì gbayì; ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń pẹ́ lórí rẹ̀.

Ìkẹyìn ni fífín. Ọ̀gá tún gba igi náà lọ́wọ́ ọmọṣẹ́. Ó ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fa ìpéǹpéjú, ó ń fín ilà ojú, ó ń ya irun dídì ní ìlà kọ̀ọ̀kan kí ọ̀kan má bàa sáré wọ inú èkejì, ó ń fín ìlẹ̀kẹ̀ ìdí obìnrin àti bátànì aṣọ rẹ̀. Níbí ni ẹni tó mọ iṣẹ́ ti lè dá ọwọ́ mọ̀. Ojú tí Areogun máa ń fín yọ bọnbọ, ìpéǹpéjú rẹ̀ hàn kedere, kò sì jọ ti agbẹ́gi ìlú kejì.

Lẹ́yìn náà ni kíkùn. Ẹfun, osùn àti ẹ̀lú ni tàtijọ́. Nígbà tó yá, búlúù ìfọṣọ àti ọ̀dà inú ike wọ̀ ọ́. Àwọn kan rò pé ọ̀dà ike bu iṣẹ́ náà kù. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pà, ìyẹn agọ̀ orí tí wọ́n ń gbé jó nígbà ọdún, tí wọ́n bá ṣì ń lò ni wọ́n ń kùn, wọ́n sì ń tún un kùn bí ọdún bá tún kò. Èyí tó ṣì wà pẹ̀lú ẹfun àkọ́kọ́ nìkan, ó jọ pé kì í jáde sóde mọ́ ni.

Ẹ̀pà kì í ṣe egúngún

Ẹ̀pà ni iṣẹ́ tó mú òkìkí agbègbè yìí kàn jù lọ, òun náà sì ni wọ́n ń ṣì mọ̀ jù. Orúkọ tí wọ́n ń pè é yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ohun tó jẹ́ ni agọ̀ orí tí wọ́n gbẹ́ lára ìtì igi kan ṣoṣo, tí ọkùnrin kan ń gbé sórí jó nígbà ọdún. Apá méjì ló ní. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ìkòkò: ó ní ihò nínú tí orí oníjó ń wọ̀, ó sì sábà máa ń ní ojú níwájú àti lẹ́yìn, ojú ńlá, ẹnu gbàgàdà, tí kò jọ ti ènìyàn púpọ̀. Ẹnu yẹn ni oníjó fi ń ríran. Òkè rẹ̀ ni ẹwà wà: ológun lórí ẹṣin pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ yí i ká, tàbí ìyá ọlọ́mọ tó gbé ọ̀kan pọ̀n, tí òmíràn wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí oníṣègùn pẹ̀lú ọ̀pá Ọ̀sanyìn.

Ẹni tó bá rí i látòkèèrè máa ń pè é ní egúngún. Ìyàtọ̀ wọn pọ̀. Aṣọ ló bo egúngún látòkè délẹ̀, ará ọ̀run ni wọ́n sì ń kí i. Màrìwò tútù ló wà lára oníjó Ẹ̀pà, ẹsẹ̀ àti apá rẹ̀ hàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì mọ ọmọ ilé tó jẹ́. Ìrántí ló ń gbé kiri: ológun tó tẹ ìlú dó tàbí tó gbà á sílẹ̀, obìnrin tí àwọn ọmọ rẹ̀ di ìdílé ńlá, oníṣègùn tó wo ìlú sàn. Ìbọ wà nínú rẹ̀, n kò ní fi bò. Inú ilé ni wọ́n ń tọ́jú Ẹ̀pà sí, wọ́n sì ń ṣètùtù fún un kó tó jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe gbogbo rẹ̀ ní òrìṣà ti gbé ìtàn ìlú jù nù mọ́ ọn.

Ibi tí ẹ̀rù ti máa ń ba àwọn òǹwòran ni fífò. Ẹ̀pà lè ga ju mítà kan lọ, ó sì lè wúwo ju kílò 20 lọ. Pẹ̀lú gbogbo ẹrù yẹn lórí, oníjó á sáré, á sì fò sórí òkìtì yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti kó jọ. Bó bá dúró ṣinṣin lórí rẹ̀, ìlú á hó, ọdún á tura. Bó bá ta gẹ̀ẹ̀gẹ̀ẹ̀ tàbí tó ṣubú, àmì tí kò dára ni. Nítorí èyí, ẹwà nìkan kọ́ ni agbẹ́gi ń lépa. Bí ìwúwo bá pọ̀ sí iwájú ju ẹ̀yìn lọ, bí inú ìkòkò kò bá gba orí dáadáa, ọrùn ọmọ ènìyàn ló máa sanwó àṣìṣe rẹ̀. Inú mùsíọ́mù tí wọ́n ti gbé Ẹ̀pà kalẹ̀ sínú dígí, tí iná ń tàn sí i, kò sí bí òǹwòran ṣe lè mọ èyí.

Wọ́n ní orúkọ

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn òyìnbó máa ń kọ sí abẹ́ irú iṣẹ́ báyìí ni pé a kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Àwọn tó kó wọn lọ ni kò béèrè. Láàárín àwọn tó ń ránni níṣẹ́, orúkọ agbẹ́gi ni wọ́n fi ń wá a dé ìlú rẹ̀.

Areogun, ọmọ Osi, tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1880, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bámgbóṣé ní Osi kan náà, ó sì ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 1954. Ilẹ̀kùn rẹ̀ dùn ún wò púpọ̀: ó pín in sí ilà-ilà, ó sì kó gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú rẹ̀, láti orí Èṣù àti babaláwo dé orí ọlọ́pàá àti ẹni tó gun kẹ̀kẹ́. Ní Odò-Ọwá, Bámigbóyè, tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1885, tó sì kú ní 1975, gbẹ́ àwọn Ẹ̀pà tí ènìyàn lókè wọn pọ̀ débi pé ó máa ń yani lẹ́nu pé igi kan ṣoṣo ni. Ó kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé níṣẹ́ yìí ní Ọmù-Àrán nígbà ìjọba òyìnbó. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá kan tó dá lé iṣẹ́ rẹ̀.

Ní Ìsẹ̀-Èkìtì, agbẹ́gi Ọlọ́wẹ̀ náà wà, tó kú ní 1938. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ lọ sí àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, kò sì padà wálé mọ́. British Museum gbà á, wọ́n sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó rọ́pò rẹ̀ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wo ẹni tó jèrè níbẹ̀.

Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ló pa iṣẹ́ yìí?

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibí, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rù. Òótọ́ wà níbẹ̀: bí ìdílé kan bá ti fi ọdún Ẹ̀pà sílẹ̀, ta ni yóò tún ránṣẹ́ sí agbẹ́gi pé kó gbẹ́ òmíràn? Ṣùgbọ́n ìtàn Bándélé, ọmọ Areogun, gba ọ̀nà mìíràn.

Ní 1947, Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì, bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ó gba Bándélé síbẹ̀. Kò sọ fún un pé kó gbẹ́ bí òyìnbó ṣe ń gbẹ́. Ìpele mẹ́rin yẹn náà ni Bándélé ń tẹ̀ lé, ojú yọ bọnbọ bí ti bàbá rẹ̀, orí tóbi, ṣùgbọ́n Màríà ló gbé ọmọ pọ̀n, àwọn ọba mẹ́ta tó wá kí Jésù sì wọ adé àti aṣọ ọba Yorùbá. Mùsùlùmí kan láti Ìlá-Ọ̀ràngún, Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ ìdílé agbẹ́gi, wá kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé níbẹ̀. Òun ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1987, UNESCO sì bu ọlá fún un ní 2006, ọdún mẹ́ta kó tó jáde láyé. Bí a bá ka ìran iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ, láti Bámgbóṣé sí Areogun, dé ọ̀dọ̀ Bándélé àti Lamidi, onísìn ìbílẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí ló fà á lé ara wọn lọ́wọ́.

Ohun tó pa á lára jù, lójú tèmi, ni àkókò. Bàbá tó ní oko àti ọmọ púpọ̀ lè fi ọmọ kan sọ́dọ̀ agbẹ́gi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ta ló fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí, nígbà tí ọmọ lè fi ọdún méjì kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó irin pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà?

Odó, àti bí iyán ṣe ń dára

Ilé ìdáná ni iṣẹ́ igi kò tíì kúrò. Odó náà, ìtì igi kan ṣoṣo ni, wọ́n ń gbẹ́ ẹ ní tútù, wọ́n sì ń jẹ́ kó gbẹ ní ibòji. Odó iyán kì í jìn. Ó fẹ̀ lẹ́nu, inú rẹ̀ tẹ́ bí abọ́, kí ọwọ́ lè dé abẹ́ iyán láti yí i padà. Odó tí wọ́n fi ń gún ẹ̀lùbọ́ tàbí àgbàdo máa ń jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ohun tí wọ́n ń gún má bàa fò dànù. Ẹni tó bá gún iyán nínú odó àgbàdo á gbà pé iyán le, bẹ́ẹ̀ odó ni kò bá a mu.

Odó tuntun kì í gún iyán àkọ́kọ́ fún jíjẹ. Àwọn ìyá á fọ̀ ọ́, wọ́n á gún èèpo iṣu tàbí ohun mìíràn nínú rẹ̀, wọ́n á dà á nù, títí ẹ̀rún igi á fi tán. Bí odó bá sán nínú, ibi tó sán yẹn á máa gba iyán sára, á kan níbẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì wọ iyán ọjọ́ kejì. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra odó lọ́jà, ẹ da omi sínú rẹ̀, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ń jò.

Wọ́n máa ń sọ pé agbára apá ló ń mú iyán dára. Agbára wúlò, ṣùgbọ́n iṣu ló ṣíwájú. Iṣu funfun ló ń gún. Ewùrà kì í fà, ibi ọ̀jọ̀jọ̀ ló yẹ ẹ́. Iṣu tuntun lómi nínú, kì í sì í gbà bí èyí tó ti pẹ́ díẹ̀ nínú abà. Wọ́n á sè é títí á fi rọ̀ dénú, wọ́n á sì gún un ní gbígbóná, nítorí iṣu tó bá ti tutù máa ń le, kókó rẹ̀ kì í sì í fọ́ mọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é tì. Wọn kì í gbé ọmọ odó sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á kọ́kọ́ fi tẹ iṣu díẹ̀díẹ̀, wọ́n á rún un, wọ́n á máa fi ìyókù kún un, títí gbogbo rẹ̀ á fi wó pọ̀ láìsí èyí tó dá dúró. Ìgbà náà ni gígún gidi tó dé, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta dojú kọ ara wọn, ọmọ odó kan ń lọ bí èkejì ṣe ń bọ̀. Bó bá ti ń fà, tó ń lẹ̀ mọ́ ọmọ odó, wọ́n á wọ́n omi gbígbóná sí i, wọ́n á yí i padà, wọ́n á tún gún un. Ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ ló ń da omi sí i nígbà tí kókó ṣì wà nínú rẹ̀. Tí omi bá ti wọ̀ ọ́, ara iyán á máa yọ̀, kókó yẹn á sì máa sá kiri nínú odó; ẹ lè gún un dalẹ́, ọmọ odó kò ní bá a mọ́.